Ewúrẹ́ Odò-Ọbà

Tákíè, Ògbómọ̀ṣọ́

Mojí mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé òtútù Kánádà kò tíì sọ ẹ́ di ẹja inú fíríjì? Bàbá àwọn ọmọ ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Àwa náà wà, a dúpẹ́. Mo mọ̀ pé wàá ti máa ṣẹ̀fẹ̀ pé ta ló tún ń kọ lẹ́tà láyé ìsinsìnyí. Fara balẹ̀ kà á. Kò sí ohun tí mo lè sọ sórí fóònù nílé yìí tí ẹlòmíràn ò ní gbọ́.

Kí n yára da ìròyìn kéékèèké sílẹ̀ kí ọwọ́ mi lè dilẹ̀: Tóbi ti wọ LAUTECH, ó lóun ò lè máa ti ilé lọ, ó ti gba yàrá ní Under G, Màmá ẹlẹ́kọ ti kó lọ sọ́dọ̀ ọmọ wọn ní Ìlọrin, ẹni tó jẹ ẹ́ lówó aṣọ ẹbí, mo rí i lọ́jà Jagun, kíá ló yà sẹ́yìn aláta. Ó tán.

Ìwé mi ló gbé mi dé ibi lẹ́tà. Mo ti parí ẹ̀, Mojí! Èyí tí o máa ń sọ pé yóò parí lọ́jọ́ tí títì Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ bá parí, ó ti ṣáájú títì.

Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, irú ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tí à ń jà sí nígbà tí a wà ní girama ló wà lọ́kàn mi. O rántí Àjà ló lẹrù tí o fi èèpo ìwé Ìṣirò bò, tí tíṣà ń yìn ẹ́ pé o ń ka ìwé? Ọdún 1969 ni Òkédìjí gbé e jáde, kí wọ́n tó bí èmi àti ìwọ. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni bàbá yẹn, wọ́n sì mọ bí èdè wa ṣe ń dún lẹ́nu ọlọ́ṣà àti lẹ́nu ọlọ́pàá. Lápàdé ni ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ inú ìwé wọn, Lápàdé tèmi ni mo fẹ́ dá. Mo tún fẹ́ jí díẹ̀ lára Akin Olúṣínà, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ inú ìwé Kọ́lá Akínlàdé, kún un. Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ mi ń rìn kiri ìlú, ó ń bi tọmọdé tàgbà ní ìbéèrè, oorun sì ń kun èmi tí mò ń kọ ọ́. Ìgbà tí mo lé e kúrò nínú ìtàn ni ìtàn tó jí.

Ọ̀gá kan níbi iṣẹ́ wa ló yá mi ní ìwé Dostoevsky ará Rọ́ṣíà, Crime and Punishment, ti ọdún 1866. Bàbá yẹn ò fi ẹni tó pa ìyá arúgbó ayánilówó pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. Raskolnikov ni, àáké ló fi ṣe é, ojú wa ló sì ṣe é. Lizaveta, àbúrò ìyá náà, ṣèèṣì wọlé, ó pa òun náà. Gbogbo àròjinlẹ̀ tó ti rò pé ẹni tí kò wúlò fáyé lòun fẹ́ mú kúrò, ibẹ̀ ló já sí. Ẹrù tó jí, ó lọ kì í bọ abẹ́ òkúta. Èyí tó wọ̀ mí lára jù ni ti Mikolka, akunlé tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀, tó fẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́ pé òun lòun pa á. Mo gbé ìwé náà sílẹ̀ níbẹ̀. Mo ń rò ó pé, báwo lèèyàn ṣe ń jẹ oúnjẹ alẹ́ lọ́jọ́ tí ẹlòmíràn ń jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀?

Ìdí nìyẹn tí tèmi fi di ìtàn Àbẹ̀kẹ́, aláṣọ. Láti ojú ìwé kìn-ín-ní lo ti máa mọ̀ pé ọkọ rẹ̀ ló gbá ọlọ́kadà lóru tí kò dúró. Kò sọ nǹkan kan fún ìyàwó. Ó wọlé, ó wẹ̀, ó sùn. Àbẹ̀kẹ́ gbé tọ́ọ̀ṣì jáde, ó rí i pé iná iwájú mọ́tò lápá ọ̀tún ti fọ́, okùn sálúbàtà kan sì há sábẹ́ bọ́ńpà. Ó fà á yọ, ó sọ ọ́ sí ṣáláńgá. Kò sẹ́ni tó rán an. Nígbà tílẹ̀ mọ́, aládùúgbò bi ọkọ rẹ̀ pé kí ló ṣe mọ́tò. Kí bàálé tó lanu, Àbẹ̀kẹ́ ti dáhùn: "Ewúrẹ́ ni."

Gbọ́ ibi tí mo fẹ́ràn jù. Ọ̀rọ̀ ewúrẹ́ yìí rìn débi pé bàbá arúgbó kan ti abúlé wá pé òun lòun ni ín, pé ó tiẹ̀ lóyún! Wọ́n ní láti jókòó, wọ́n ná an, wọ́n sanwó ewúrẹ́ tí ẹnikẹ́ni ò pa, ọkọ Àbẹ̀kẹ́ tún ń dọ̀bálẹ̀ pé kí bàbá má bínú. Mo rẹ́rìn-ín títí nígbà tí mò ń kọ ọ́. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n wá bá àfọ́kù iná náà ní ṣọ́ọ̀bù ọmọ rewáyà tó bá wọn pààrọ̀ ẹ̀, ọlọ́pàá gbé e. Àbẹ̀kẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fi gàrí àti epo ránṣẹ́ sí ìyá ọmọ náà. Ìyá náà ń gbàdúrà fún un. Kò sí ọjọ́ kan tí obìnrin yìí jókòó pinnu pé òun fẹ́ di èèyàn burúkú, Mojí. Ohun tó yá lọ́jọ́ yẹn ló ń ṣe.

Olóòtú kan n'Íbàdàn ti kà á. Ó ní ó dùn, àmọ́ kí n jẹ́ kí Àbẹ̀kẹ́ ya wèrè lójú ọjà, tàbí kó lọ ké gbàjarè ní ṣọ́ọ̀ṣì, torí ìwé táwọn ọmọ iléèwé máa kà, ẹlẹ́ṣẹ̀ ò gbọdọ̀ lọ láìjìyà. Inú bí mi. Ta ló sọ fún un pé kò jìyà? Ẹni tó ń gba "Olúwa á bá ẹ tọ́jú ọmọ tìẹ náà" lẹ́nu ìyá ọmọ tó wà látìmọ́lé, ìyà wo ló tún kù? Wèrè ojú ọjà yẹn ti rọrùn jù fún òǹkọ̀wé. Mi ò ṣe é.

Ó dáa. Èyí tí mo fẹ́ sọ gan-an rèé.

Bàbá Tóbi kà á.

O mọ̀ wọ́n. Láti ọjọ́ tí mo ti fẹ́ wọn, bóyá bébà ìpè ìgbéyàwó nìkan ni wọ́n ti kà parí. Ṣùgbọ́n iná lọ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń wò parẹ́, ìwé mi wà lórí tábìlì, wọ́n fà á, wọ́n tan iná fóònù sí i. Mo gbé ọkà àti gbẹ̀gìrì fún wọn, mo padà sẹ́yìn lọ ṣa ẹ̀wà. Nígbà tí mo dé, ọkà ò tíì ṣí lójú, gbẹ̀gìrì ti dì, ìka wọn wà lójú ibi tí Àbẹ̀kẹ́ ti ní ewúrẹ́ ni. Wọn ò wò mí. Wọ́n ní, "Ta ló sọ fún ẹ?"

Mo ní, "Ta ló sọ kí ni?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní àwọn kàn ń fi mí ṣeré ni, pé ṣé mo rò pé àwọn ò lè kàwé. Wọ́n wá jẹ ọkà tútù yẹn tán, wọ́n fọwọ́ nu àwo. Mojí, ọkà tútù! Bàbá Tóbi tó máa ń dá oúnjẹ padà bí èéfín ò bá rú lórí ẹ̀!

Mo gbé e jù sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n wọ́n tún dé lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n ní kí n bá àwọn yí ọ̀nà tó wà nínú ìwé náà padà, kó má jẹ́ ọ̀nà Ọ̀yọ́ mọ́, kí n fi ọ̀nà Ìsẹ́yìn sí i. Mo bi wọ́n pé kí ló dé. Wọ́n ní ọ̀nà Ìsẹ́yìn dùn létí jù ú lọ. Ìgbà wo ni etí ọkọ mi di etí akéwì?

Ṣé o mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tiwa ni mo ti mú ewúrẹ́ yẹn? Alẹ́ ìsìnkú Màmá Ọ̀yọ́. Èmi dúró sẹ́yìn fọ ìkòkò, ìwọ àti Bàbá Tóbi ṣáájú wálé. Nígbà tí mo dé lọ́jọ́ kejì, iná iwájú mọ́tò ti fọ́, wọ́n ní ewúrẹ́ kan já lu àwọn ní Odò-Ọbà. Mo tiẹ̀ bá wọn jà pé kí ló dé tí wọn ò gbé e wálé, a à bá fi se ẹ̀fọ́. Kò sóhun tó wà lọ́kàn mi nígbà yẹn, bẹ́ẹ̀ ni nígbà tí mò ń kọ ọ́ sínú ìwé, àwàdà lásán ni mo fi ṣe. Ní báyìí ni mò ń rántí pé wọ́n ta mọ́tò yẹn ní ọ̀pọ̀ kí oṣù náà tó parí, fún ẹnì kan tí a ò mọ̀ rí. Ní báyìí náà ni mò ń rántí pé ìwọ tó yẹ kó lo ọ̀sẹ̀ méjì sí i lọ́dọ̀ wa, o ní ibi iṣẹ́ ń pè ẹ́.

Ó lè jẹ́ ìwé ló ń yí mi lórí. Porfiry, ẹni tó ń wádìí ẹjọ́ Raskolnikov nínú ìwé Dostoevsky, kò ní ẹ̀rí kan gúnmọ́ lọ́wọ́, ẹnu lásán ló fi ń tọ́ ọ kiri. Èmi náà ti di Porfiry nílé ọkọ mi. Mò ń bu ọbẹ̀ fún wọn, mò ń wojú wọn. Lálẹ́ àná mo ṣe bí ẹni ń ṣàwàdà, mo ní, "Ewúrẹ́ yẹn, àwọ̀ wo tiẹ̀ ni?" Wọ́n dìde, wọ́n ní àwọn fẹ́ lọ wò ó bóyá epo ṣì wà nínú jẹnẹrétọ̀. Iná wà, Mojí. NEPA ò mú iná.

Mi ò fẹ̀sùn kàn ẹ́ o. Ìwọ náà mọ̀ pé mi ò lè ṣe bẹ́ẹ̀ sí ẹ, lẹ́yìn gbogbo ohun tí o ṣe fún mi lọ́dún tí Tóbi wà nílé ìwòsàn. Ìwọ lo jókòó síwájú, ohun tí mo fẹ́ bi ẹ́ kò ju ìyẹn lọ. Ṣé o fi ojú ara ẹ rí ewúrẹ́ náà? Àwọ̀ wo ni?

Olóòtú fẹ́ gba ìwé náà níparí oṣù. Bí o bá lè sọ àwọ̀ ẹ̀ fún mi, màá fi ọ̀nà Ọ̀yọ́ sílẹ̀ bó ṣe wà, màá sì fi ọkọ mi ṣe yẹ̀yẹ́ títí ọdún yóò fi yípo. Bí o ò bá lè sọ ọ́, mi ò mọ̀. Mo ti gbìyànjú kí n rò ó dé òpin, ibi tí Àbẹ̀kẹ́ dé ni èmi náà ń dé, tí mo fi ń dá ara mi lóhùn pé kò sẹ́ni tó wá béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ wa láti ọjọ́ yẹn.

Má pè mí. Àbúrò ọkọ ẹ tó ń bọ̀ wálé, kọ ọ́ sí bébà kí o fi lé e lọ́wọ́, màá lọ gbà á fúnra mi ní Ìlọrin.

Èmi ni,
Àríkẹ́

Mo gbàgbé: Tóbi ní bàbá òun gba nọ́ńbà ẹ lọ́wọ́ òun láàárọ̀ àná. Bí wọ́n bá pè ẹ́, sọ pé ó ti pẹ́ tí o ti gbúròó mi.