Ta ló jókòó sẹ́yìn kíláàsì ọ̀gá wa rí?

Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Tíṣà iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí níbí ní Abẹ́òkúta, mo sì ń kàwé gboyè lọ́wọ́ ní yunifásítì kan tó ń kọ́ wa lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Sátidé, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ni kíláàsì wa.

Lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn, mo gbé àga lọ sẹ́yìnkùlé wa ní Ọbàntókò, torí ibẹ̀ ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti máa ń dúró. Ọ̀gá tó ń kọ́ wa wọlé, wọ́n gbé ìwé sójú fóònù, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Ẹnu wọn là ń rí tó ń mì, a ò gbóhùn. A ń kọ ọ́ ránṣẹ́ pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, a ò gbọ́ yín." Wọn ò wo ibẹ̀. Odidi ìṣẹ́jú 25! Dátà ò mọ̀ pé kò sóhùn, ó ń jẹ lọ ní tiẹ̀. Bẹ́ẹ̀, láti January 2025 tí NCC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó àwọn iléeṣẹ́ fóònù, ti gbà kí àwọn iléeṣẹ́ fóònù fi tó ìdá 50 nínú 100 kún owó wọn, dátà ti kúrò lóhun tí à ń fi ṣòfò.

N ò bá ọ̀gá náà jà. Ọ̀mọ̀wé gidi ni wọ́n. Àmọ́ ta ló kọ́ wọn? Èmi tí mò ń kọ́ ọmọ ọdún mẹ́fà ní A B D, NCE, ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ olùkọ́, ni wọ́n ní kí n lọ gbà kí n tó fọwọ́ kan ṣọ́ọ̀kì. Nígbà tí mo lọ ṣe teaching practice, obìnrin kan tó wá wo bí mo ṣe ń kọ́ni jókòó sẹ́yìn kíláàsì pẹ̀lú bírò pupa, ó ní mò ń kẹ̀yìn sáwọn ọmọ jù. Títí dòní, ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò létí mi. Ní yunifásítì, ẹ ṣáà ti mú PhD wá.

Màmá kan ń kọ́ wa níbẹ̀ náà. Lọ́jọ́bọ̀, wọ́n á ti fi ohùn ìṣẹ́jú mẹ́wàá ránṣẹ́ sórí WhatsApp. Tó bá di Sátidé, ìbéèrè ni! Wọ́n á pín wa ní márùn-ún márùn-ún, wọ́n á máa dárúkọ wa, wọ́n á ní ká pa kámẹ́rà torí dátà. Mo bi wọ́n léèrè ibi tí wọ́n ti kọ́ ọ. Wọ́n ní owó ara àwọn làwọn fi kọ́ ọ, lẹ́yìn tí kòrónà ti iléèwé pa ní 2020.

Kí ló dé tí yunifásítì ò lè sanwó ẹ̀ fáwọn tó kù? Kì í ṣe ìpàdé ọjọ́ kan tí wọ́n á ti jẹ ráìsì o. Kí wọ́n kọ́ wọn fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kí olùkọ́ kan sì máa wọ kíláàsì olùkọ́ kejì láti wò ó. Bí wọ́n bá ń wá ẹni tó máa jókòó sẹ́yìn, bírò pupa mi ṣì ń kọ̀wé.

Èmi ni,
Ìyá Ìbejì,
Ọbàntókò, Abẹ́òkúta.