Oṣù Kẹsàn-án ni wọ́n ti ń wá postdoc

Sí Olóòtú,

Ẹ bá mi gbé ọ̀rọ̀ yìí dé etí àwọn ọmọ wa tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń parí oyè ọ̀mọ̀wé nínú físíìsì àti ìmọ̀ ìràwọ̀. Púpọ̀ nínú wọn ló ń dúró kí ìwé-ẹ̀rí jáde ná, wọn a wá máa wá postdoc (iṣẹ́ ìwádìí onígbà díẹ̀ lẹ́yìn oyè ọ̀mọ̀wé) kiri lóṣù Kẹta. Ọjà ti tú nígbà yẹn. Ipò tó máa bẹ̀rẹ̀ lóṣù Kẹsàn-án ọdún tó ń bọ̀, oṣù Kẹsàn-án ọdún yìí ni wọ́n ti ń kéde rẹ̀, ọ̀pọ̀ gbèdéke sì máa ń bọ́ sí oṣù Kẹwàá sí Kejìlá. Fún ìmọ̀ ìràwọ̀, AAS Job Register (ìkànnì iṣẹ́ ti ẹgbẹ́ onímọ̀ ìràwọ̀ Amẹ́ríkà) ni kí wọ́n máa wò; fún físíìsì ohun tín-tìn-tín, ìkànnì INSPIRE àti Academic Jobs Online; fún Yúróòpù, EURAXESS. Ẹni tí kò tíì gbàwé-ẹ̀rí náà lè tọrọ, bí alábòójútó rẹ̀ bá ti lè kọ ọjọ́ tó máa parí sílẹ̀.

CV, àlàyé ìwádìí ojú ewé 2 sí 5, lẹ́tà ìjẹ́rìí 3: lọ́pọ̀ ìgbà, kò fi bẹ́ẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lẹ́tà yìí gan-an ló ń pa wá. Akẹ́kọ̀ọ́ kọ́ ló ń fi í ránṣẹ́. Ìkànnì ló máa fi líǹkì ránṣẹ́ sí ímeèlì olùjẹ́rìí, tí òun fúnra rẹ̀ á sì gbé lẹ́tà síbẹ̀. Líǹkì a já sínú spam, ọ̀jọ̀gbọ́n ò ní rí i, fọ́ọ̀mù á wà níbẹ̀ láìpé. Kí wọ́n bẹ olùjẹ́rìí ní ọ̀sẹ̀ 6 ṣáájú, kí wọ́n fún un ní àlàyé ìwádìí náà, kí wọ́n rán an létí nígbà tó bá ku ọjọ́ 10. Kì í ṣe àfojúdi.

Ohun tí lẹ́tà náà sọ tún ṣe kókó. “Ọmọlúàbí ni, kì í pẹ́ dé, ó níwà ìrẹ̀lẹ̀” dára fún ẹni tó ń wá ìyàwó. Ohun tí wọ́n fẹ́ gbọ́ ni pé nínú iṣẹ́ tí ẹni mẹ́rin jọ tẹ̀ jáde, òun ló kọ ètò kọ̀ǹpútà tó yọ ariwo kúrò nínú dátà, òun náà ló rí àṣìṣe tó wà nínú ìṣirò àkọ́kọ́. Kí ọ̀kan ó kéré tán nínú àwọn olùjẹ́rìí wá láti ìta yunifásítì rẹ̀.

Owó ìrànwọ́ ìwádìí Humboldt ti Jámánì kò ní gbèdéke, ṣùgbọ́n ó dìgbà téèyàn bá ti rí ẹni tó máa gbà á lálejò. Ti Marie Skłodowska-Curie, tí Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ń san, ní òfin kan tó ń mú àwọn ọmọ wa tó ti wà lókè òkun: ẹni tó bá ti gbé orílẹ̀-èdè tó fẹ́ lọ ju oṣù 12 lọ, nínú oṣù 36 tó ṣáájú gbèdéke, kò lè lò ó níbẹ̀. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kàwé tán ní Jámánì, kó yáa kọjú sí Faransé. Ẹ má sì gbàgbé ICTP, ilé ìwádìí físíìsì àgbáyé ní Trieste, Ítálì, tí Abdus Salam, onímọ̀ físíìsì ará Pakistan, dá sílẹ̀ ní 1964 nítorí irú àwa yìí. Ó ní ẹ̀ka ní Kigali, Rwanda.

Ẹni tó bá ní kí wọ́n san owó fọ́ọ̀mù kí wọ́n tó rí postdoc, olè ni.

Ó ku ti ẹ̀yin ọ̀gá ẹ̀ka. Àwọn ìkànnì kan kì í gba Yahoo tàbí Gmail lọ́wọ́ olùjẹ́rìí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún àwọn olùkọ́ ní ímeèlì yunifásítì tó ń ṣiṣẹ́, kí oṣù Kẹsàn-án tó dé.

Olùkọ́ físíìsì kan,
Ìbàdàn