Sí Ìyá Ìbejì, nítorí iṣẹ́ ìtẹ̀wé tí Táyé fẹ́ ṣe

Apààrà, Ọ̀yọ́.

Ìyá Ìbejì mi ọ̀wọ́n,

O kú ọjọ́ mẹ́ta. Ṣé òtútù Tòróńtò ò pọ̀ jù? Àwa wà, a ń dúpẹ́.

O ní Táyé fẹ́ fi iṣẹ́ báǹkì sílẹ̀ kó wá dá ilé-iṣẹ́ ìtẹ̀wé sílẹ̀ nílé, ẹ̀rù sì ń bà ọ́. Jọ̀ọ́, má dá a dúró. Ìtàn Olóyè Joop Berkhout, òyìnbó olùtẹ̀wé, ni kó o sọ fún un.

Amsterdam ni wọ́n ti bí bàbá náà ní 1930. Iṣẹ́ Evans, ilé-iṣẹ́ ìtẹ̀wé, ló gbé e wá sí Ìbàdàn ní 1966. 1978 ló tó dá Spectrum Books sílẹ̀. Ọdún 12 ló fi mọ ọjà kó tó dá tiẹ̀ sílẹ̀! Nígbà tó kúrò ní Spectrum, tó ti dàgbà, Safari Books ló tún gbájú mọ́. Ẹni ọdún 94 ni nígbà tó kú ní 2025.

Àwìn ló ń pa oníṣẹ́ yìí. Owó ọwọ́ ni wọ́n fi ń ra bébà, òkè òkun ló sì ti ń wá: bí dọ́là bá gbéra, òun náà á gbéra. Tí ìwé bá jáde, àwìn ni wọ́n ń kó o fún àwa tá a ń tà á. Bí mo bá gbà á nígbà tí ilé-ìwé wọlé, ó lè di ẹ̀yìn Kérésì kí n tó san tán. Ayédèrú tún wà ńlẹ̀. Ẹnìkan gbé ọ̀kan wá sí ìsọ̀ mi l'Ákẹ̀sán lánàá. Mo fi àtàǹpàkò ra ojú ìwé, yíǹkì kùn mí lọ́wọ́. Mo ṣí i láàárín, gọ́ọ̀mù ya, ewé ń já bọ́. Ṣùgbọ́n ó pọ́ọ́kú, òbí tí ò lówó á rà á.

Kí Táyé sì ṣọ́ iṣẹ́ òǹkọ̀wé lójú méjèèjì. Ọ̀yọ́ wa yìí ni Àlùfáà Samuel Johnson ti parí ìtàn àwọn Yorùbá ní 1897. Ọwọ́ àwọn tó yẹ kó tẹ̀ ẹ́ ní Ìlú Ọba ló sọnù sí. Johnson kú ní 1901. Dókítà Obadiah, àbúrò rẹ̀, ló fi àkọsílẹ̀ tó kù tún un tò, 1921 ló tó jáde. Ó máa ń dùn mí títí di òní.

Kó fi ìwé Yorùbá kún un o. Àwọn olùkọ́ ń wá béèrè ìwé àlọ́ fọ́mọ kékeré, mi ò rí èyí tí màá tà fún wọn. Bó bá dé, kó yà sọ́dọ̀ mi, màá mú un dé ọ̀dọ̀ àwọn olùtàwé títí dé Ògbómọ̀ṣọ́.

Bá mi kí bàbá wọn.

Èmi ni,
Ìyá Oníwèé