Ọmọ Ò Tíì Rẹ́rìn-ín

Ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà? Àwọn ọmọ ńkọ́? Bàbá wọn ńkọ́? Má bínú pé mi ò tètè kọ̀wé. Ọwọ́ kan ni mo fi ń kọ eléyìí, ọmọ ló wà ní èkejì.

Ọmọ ọ̀hún ò tíì rẹ́rìn-ín. Ó tán, mo ti sọ ọ́.

Ó ti lo ọ̀sẹ̀ 13 lókè eèpẹ̀. Ọmọ aládùúgbò wa tí wọ́n jọ dáyé lọ́sẹ̀ kan náà ń rẹ́rìn-ín sí gbogbo ènìyàn, títí kan ẹni tó wá sin gbèsè. Tèmi á kàn máa wò mí bí adájọ́. Ó ń rẹ́rìn-ín lójú oorun o, ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì ní ìyẹn ò sí nínú kíkà. Mo sún ojú mọ́ ọn, nítorí wọ́n ní ojú ọmọ tuntun kì í ríran kedere kọjá nǹkan bí 20 sí 30 sẹ̀ǹtímítà. Mo kọrin, mo yọ ahọ́n, mo sọ ara mi di aláwàdà. Ó yán.

Nọ́ọ̀sì ní ìṣirò mi ni kò tọ̀nà. Oyún wà ní ọ̀sẹ̀ 32 nígbà tí mo bí i, ọ̀sẹ̀ 8 ló kù kó pé 40. Kí n yọ 8 yẹn kúrò nínú 13. Ọmọ ọ̀sẹ̀ 5 ló jẹ́ nìyẹn, ẹ̀rín gidi sì sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ 6 sí 8. Mo gbà. Ṣùgbọ́n nígbà tó kan abẹ́rẹ́ àjẹsára, wọn ò yọ ọ̀sẹ̀ kankan o! Ọjọ́ tó dáyé gan-an ni wọ́n kà. Tó bá di ti abẹ́rẹ́, àgbà ni. Tó bá di ti ẹ̀rín, ọmọ àná ni.

Àwọn ohun kéékèèké tó ń fi mí lọ́kàn balẹ̀, mò ń kà wọ́n bí owó. Bí ilẹ̀kùn bá dún gbàà, á na apá méjèèjì, á tún kó wọn wá sí àyà. Bí ìka mi bá kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, á yíjú síbẹ̀, á máa wá ọmú. Á di ìka yẹn mú bí ẹni tó mú olè. Ohùn mi ló sì ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún jù. Wọ́n ní inú ni ọmọ ti máa ń mọ ohùn ìyá rẹ̀. A jẹ́ pé ó gbọ́ gbogbo òfófó tí èmi àtìwọ ṣe lórí fóònù. Kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kó rántí.

A ti kó lọ sílé tuntun, àbúrò mi ti rí iṣẹ́, ojú Bàbá ti ń ríran lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ.

Òru ló burú. Mo máa ń jókòó wo àwùjẹ̀ rẹ̀ bó ṣe ń fò tìkìtìkì. Ìgbà yẹn ni mo máa ń rántí àkọ́bí rẹ nínú àpótí gíláàsì tí wọ́n fi ń tọ́jú ọmọ tí oṣù rẹ̀ ò pé. Mo wá kí yín, mo ní, “Ṣé eléyìí kì í lajú ni?” mo sì rẹ́rìn-ín. O ò dá mi lóhùn. Jọ̀ọ́, má bínú. Mi ò mọ ohun tí mò ń sọ nígbà yẹn.

Mo mọ̀ pé gbogbo nǹkan lo máa ń kọ sínú ìwé aláwọ̀ búlúù yẹn. Bá mi wò ó: ọjọ́ wo ni àkọ́bí rẹ kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín sí ọ? Má yọ ọ̀sẹ̀ kankan, má sì fi kankan kún un. Kí o sì sọ fún mi bí o ṣe ń sùn kí ọjọ́ yẹn tó dé, bí o bá sùn rárá.

Ó ti ń ké.

Èmi ni,
Ọ̀rẹ́ rẹ