Àjàní, nípa ọmọ tó wà lójú WhatsApp rẹ

Àjàní ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ara wa le níbí. Orúnkún ìyá rẹ ti ń gbọ́ oògùn díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń fa omi ti tún bàjẹ́. Ewúrẹ́ alámì funfun yẹn bí mẹ́ta, ọ̀kan kú.

Ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án rèé tí mi ò gbóhùn rẹ. Mo pè títí, o ò gbé e. Lẹ́yìn náà ni báńkì fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ pé ₦300,000 wọlé, orúkọ rẹ sì ni mo rí níbẹ̀. ₦15,000 lo máa ń fi ránṣẹ́, wàá sì pè pé, “Bàbá, ẹ fi ra ọbẹ̀.” Èyí tó jẹ́ ìlọ́po ogún rẹ̀ dé láìsí “ẹ káàárọ̀.” Níbo lo ti rí i? Ìyá rẹ kúnlẹ̀, ó dúpẹ́. Èmi ò tíì lè ṣe àmín. Owó náà wà níbi tó wà.

Ẹnìkan tó ti Èkó dé wá ránṣọ, ó ní òun rí ọ nínú ọkọ̀ onígíláàsì dúdú pẹ̀lú àwọn ọmọ kan. Mo lé e jáde ní ṣọ́ọ̀bù. Mo ní ọmọ tèmi kọ́. Gbólóhùn yẹn ò ṣàjèjì lẹ́nu mi, wàá rí ìdí rẹ̀ níwájú.

Mo wá bi àbúrò rẹ pé ta ni ọmọ ará Jàpáànì tí o fi ṣe àwòrán WhatsApp rẹ. Ó ní Light Yagami ni, nínú Death Note, eré àwòrán àwọn ará Jàpáànì. Mo ní kó wá a fún mi. Apá 37 ni, mo wò ó tán, lálẹ́ lẹ́yìn tí mo bá ti ṣọ́ọ̀bù. Má rẹ́rìn-ín. Àbúrò rẹ ló ń túmọ̀ ibi tí òyìnbó ìsàlẹ̀ rẹ̀ bá ti yára jù.

Mo mọ̀ pé láti kékeré lo ti fẹ́ràn àwọn tí ẹ ń pè ní “boss.” Àwọn ẹgbẹ́ rẹ á máa jà sí Goku, akọni inú Dragon Ball, ìwọ á ní Frieza ọ̀tá rẹ̀ nìwọ. Frieza tó ń gba ayé lọ́wọ́ oníayé tó sì ń tà á: ọmọ onílẹ̀ ojú ọ̀run ni mò ń pè é nígbà yẹn. Dio inú JoJo náà ńkọ́, tí wọ́n gbà sílé bí ọmọ, tó ń fi májèlé sínú oògùn bàbá tó gbà á. Àwọn yẹn ò bà mí lẹ́rù. Ẹni tó bá rí wọn ti mọ̀ pé ìkà ni wọ́n.

Ṣùgbọ́n Light yìí, ọmọ dáadáa ni. Òun ló ń gba ipò kìíní, aṣọ rẹ̀ mọ́, ó ń kí ìyá rẹ̀. Ó rí ìwé kan he, ó kọ orúkọ ọ̀daràn sí i, ọ̀daràn kú. Ó ní òun ń tún ayé ṣe. Kò pẹ́ tó fi ń kọ orúkọ àwọn agbófinró tó ń wá a.

Bàbá rẹ̀ ni mò ń wò ní tèmi. Soichiro, ọ̀gá ọlọ́pàá, òun gan-an ló ń ṣáájú àwọn tó ń wá apànìyàn náà. Wọ́n fi kámẹ́rà sínú ilé rẹ̀, ó sì ní òun náà á jókòó wò ó. Ọmọ jókòó sídìí tábìlì, ó ń kàwé, ó ń jẹ ìpékeré ọ̀dùnkún. Tẹlifíṣọ̀n kékeré wà nínú ọ̀rá ìpékeré náà. Ó ń fọwọ́ ọ̀tún ṣe ìṣirò, ó ń fi ọwọ́ òsì kọ orúkọ àwọn tó máa kú. Bàbá tẹjú mọ́ ọn, ọmọ tó ń kàwé ló rí. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ní kí àbúrò rẹ dá ibẹ̀ padà.

Àjàní, ṣé o rántí Múráínà, ọmọṣẹ́ mi? Ìwọ jẹ́ ọmọ ọdún 13 nígbà yẹn. ₦6,000 sọnù nínú dúrọ́ọ̀ ẹ̀rọ ìránṣọ. Mo ní Múráínà ni. Ọmọ náà sunkún, ó fi ìyá rẹ̀ búra. Mo lé e, ó ku oṣù mẹ́rin péré kó gba fíríì. Lọ́sẹ̀ kejì mo gbé bẹ́ẹ̀dì rẹ láti gbálẹ̀, mo rí páálí síídì lábẹ́ rẹ̀, àwòrán Light yìí kan náà lára rẹ̀, àti ₦2,200 tó ṣẹ́kù. Mo tún bẹ́ẹ̀dì gbé sílẹ̀. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni, títí kan ìyá rẹ. Nígbà tí bàbá Múráínà wá bẹ̀ mí, mo ní, “Ọmọ tèmi kọ́, ta ló tún kù?”

Nítorí náà mi ò lè bá ọ jà bó ṣe yẹ. Mo fẹ́ jà. Òmùgọ̀ lo jẹ́ tó o bá rò pé owó burúkú ni mo fẹ́ fi tún ẹ̀rọ omi ṣe! Èmi tí mo pọ̀n ọ́ sẹ́yìn, èmi ọkùnrin, lọ sílé ìwòsàn lóru ọjọ́ tí ibà fẹ́ẹ́ mú ọ lọ. Ó lè jẹ́ iṣẹ́ yíyàwòrán tí o ń lé kiri ló sanwó ńlá fún ọ. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí mo fi máa kú, mo gbà. Ṣùgbọ́n níbo lo ti rí i?

Mo rí bí Soichiro ṣe kú. Ó fi ìdajì ìyókù ọjọ́ ayé rẹ̀ ra ojú tó ń rí orúkọ èèyàn. Lórí bẹ́ẹ̀dì ikú, ó fi ojú náà wo ọmọ rẹ̀, ojú náà sì fi hàn án pé Light kọ́ ló ni ìwé. Ọmọ náà ti gbọ́n, ó ti fi ìwé sílẹ̀ fúngbà díẹ̀. Bàbá yọ̀, ó sì kú. Ọmọ ń sunkún, ó ṣì ń bẹ̀ ẹ́ pé kó kọ orúkọ kan kó tó lọ. Àbúrò rẹ ní ikú yẹn dáa, ó ṣáà kú pẹ̀lú ayọ̀. Mo dìde, mo lọ bọ́jú. Irú ayọ̀ yẹn ni mo ti ń jẹ láti ìgbà tó o ti wà lọ́mọ ọdún 13.

Mo gbọ́ pé Múráínà ń ránṣọ ní Ìkirè. Ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀ ni mò ń lọ síbẹ̀. Mo ti ra obì, mi ò sì mọ ohun tí mo máa kọ́kọ́ sọ. Mọ́tò aago méje ni mo fẹ́ wọ̀. Tó o bá ti Èkó gbéra ní ìdájí, a lè pàdé ní gáréèjì.

Èmi bàbá rẹ.