Ẹ Má Jẹ́ Kí Díìṣì Lánlátẹ̀ Di Irin Àlòkù

Ọ̀gá Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi ọ̀rọ̀ yìí sínú ìwé ìròyìn yín, nítorí ó kan ìjọba, ó kan àwọn fásitì wa, ó sì kan àwọn ará Ìbàràpá ní pàtàkì.

Àwọn àgbà Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ mọ Lánlátẹ̀ mọ́ díìṣì. Ibẹ̀ ni wọ́n kọ́ ilé-iṣẹ́ sátẹ́láìtì sí ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, kí ìpè tẹlifóònù lè máa gba ibẹ̀ lọ sí òkè òkun. Nígbà tí wáyà abẹ́ òkun dé, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ irú díìṣì bẹ́ẹ̀ káàkiri àgbáyé. Ohun tí àwọn ẹlòmíì wá fi tiwọn ṣe ni mo fẹ́ ká wò.

Gánà tó wà nítòsí wa ní ọ̀kan ní Kuntunse, lẹ́bàá Accra, tó fẹ̀ tó mítà 32. Àwọn àti South Africa pawọ́ pọ̀ sọ ọ́ di awò awọ̀nàjíjìn onírédíò, Ààrẹ Nana Akufo-Addo sì ṣí i ní oṣù kẹjọ ọdún 2017. Australia ti ṣe bẹ́ẹ̀ ní Ceduna, Japan ní Yamaguchi, New Zealand ní Warkworth. Díìṣì tẹlifóònù ni gbogbo wọn tẹ́lẹ̀.

Irú ẹ̀rọ yìí kì í wo ìmọ́lẹ̀. Ìgbì rédíò tó ń ti ara àwọn ìràwọ̀ àti afẹ́fẹ́ tó wà láàrin wọn jáde ló ń gbà. Irú ìgbì bẹ́ẹ̀ ni Jocelyn Bell, tó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Cambridge ní 1967, rí àmì rẹ̀ lórí bébà ẹ̀rọ wọn: ó ń wá, ó ń lọ, láàrin ìṣẹ́jú àáyá kan lé díẹ̀, kò sì yẹ̀. Bí ayé ṣe mọ pulsar nìyẹn, òkú ìràwọ̀ tó sún kì, tó ń yí bírí-bírí. Kùrukùru kì í dí iṣẹ́ yìí lọ́wọ́, ojúmọmọ kì í dí i lọ́wọ́. Ẹni tó mọ bí ojú ọ̀run wa ṣe ń rí nígbà òjò àti nígbà ọyẹ́ yóò gbà pé ti rédíò ló bá ilẹ̀ wa mu ju ẹ̀rọ tó ń fi dígí wo ìràwọ̀ lọ.

Ibi tí a wà lórí ilẹ̀ ayé náà tún dára. A ò jìnnà sí ìlà tó pín ayé sí méjì, nítorí náà ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo ìràwọ̀ àríwá àti ti gúúsù ló ń yọ sí wa. Bí àwọn díìṣì tó wà ní ìlú ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ bá jọ kọjú sí ìràwọ̀ kan náà, tí aago átọ́ọ̀mù, aago tó péye jù lọ, ń ṣọ́ àkókò fún wọn, tí kọ̀ǹpútà sì pa ohun tí wọ́n gbà pọ̀, wọn a ríran fínnífínní bíi díìṣì kan ṣoṣo tó fẹ̀ tó àlàfo àárín wọn. Láàrin àwọn ti Yúróòpù àti ti South Africa, àlàfo ńlá ló wà. Gánà ti wà níbẹ̀. Àwa náà lè wà níbẹ̀.

Iṣẹ́ ọ̀hún kì í ṣe kékeré o. Sátẹ́láìtì tẹlifóònù máa ń dúró sójú kan lókè, díìṣì rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ mira. Ṣùgbọ́n ìràwọ̀ ń yọ, ó ń wọ̀, díìṣì sì gbọ́dọ̀ máa tẹ̀ lé e láìta gìrì. Mọ́tò, bẹ́ríǹ àti kọ̀ǹpútà tó ń darí rẹ̀ ni wọn yóò tún ṣe. Ohun tó ń bọ̀ láti ọ̀run tún rẹlẹ̀ débi pé ooru ara ẹ̀rọ tó ń gbà á lè bò ó mọ́lẹ̀; ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń mú irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ tutù ní Hartebeesthoek, South Africa, ju yìnyín lọ fíìfíì. Díìṣì ibẹ̀ gan-an, tó fẹ̀ tó mítà 26, ohun àjogún ni: NASA ló kọ́ ọ ní 1961 láti máa fi bá ọkọ̀ òfuurufú wọn sọ̀rọ̀, kí wọ́n tó fi í sílẹ̀. Orílẹ̀-èdè tó bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun àjogún yẹn ló ṣí MeerKAT, awò onírédíò tó jẹ́ díìṣì 64 tó jọ ń ṣiṣẹ́, ní 2018.

Ẹni tó bá ní ebi ń pa ará ìlú, òótọ́ ló sọ. Àmọ́ irin àti kọnkéré ibẹ̀, a ti rà á láti bí àádọ́ta ọdún. Ọmọ tó bá sì kọ́ bí wọ́n ṣe ń tún irú ẹ̀rọ yìí ṣe ti mọ rédíò, ó ti mọ kọ̀ǹpútà, ó ti mọ ẹ̀rọ amúǹkan-tutù. Kò ní wáṣẹ́ tì.

Mo bẹ Fásitì Ìbàdàn, Fásitì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ àti LAUTECH, ẹ rán àwọn onímọ̀ físíìsì àti ẹ̀rọ yín lọ sí Lánlátẹ̀. Kí wọ́n yẹ ìpẹtà wò, kí wọ́n yẹ bẹ́ríǹ wò, kí wọ́n wọn ariwo rédíò tí àwọn òpó fóònù àyíká ń pa, nítorí South Africa ṣe òfin ní 2007 láti dáàbò bo agbègbè tiwọn lọ́wọ́ irú ariwo bẹ́ẹ̀. Mo bẹ ìjọba àpapọ̀ kó ṣílẹ̀kùn fún wọn. Títí wọn yóò fi jábọ̀, kí ẹnikẹ́ni má ṣe gé irin kankan tà níbẹ̀.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Olùkọ́ físíìsì tó ti fẹ̀yìntì, Ìbàdàn