Húùkù tí wọ́n jó mọ́ bọ́m̀pà kì í ṣe tóbáà

Ẹ̀yin Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Lọ́jọ́ Sátidé tí òde bá pọ̀, ẹ wo ojú títì dáadáa: jẹnẹrétọ̀ orí táyà méjì, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àgbérìn, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń po kọnkéré, gbogbo wọn ń tẹ̀ lé Sienna tàbí Hilux lẹ́yìn. Ohun tó so ọkọ̀ àti ẹrù pọ̀ là ń kọ̀wé lé lórí: tóbáà ló yẹ kó jẹ́, ìyẹn irin tí wọ́n dè mọ́ abẹ́ ọkọ̀ láti fi fa tírélà. Àmọ́ lọ́pọ̀ ìgbà, húùkù lásán, irin tí wẹ́dà tẹ̀, tó jó mọ́ bọ́m̀pà, tó sì fi ọ̀dà dúdú kùn ni. Ọ̀dà yẹn ló ń jẹ́ kó jọ iṣẹ́ gidi. (Tírélà tí à ń wí kì í ṣe èyí tó ń kó sìmẹ́ńtì o, ọmọ kékeré tí mọ́tò ilé ń fà ni.)

Bọ́m̀pà ọkọ̀ òde òní, rọ́bà ló wà níta. Abẹ́ rọ́bà náà ni irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan wà, tí wọ́n ṣe kí ó lè wó mọ́ra bí ẹlòmíràn bá gbá ọkọ̀ náà lẹ́yìn. Irin tí wọ́n ṣe pé kó wó, òun la wá ń ní kó fa ẹrù tọ́ọ̀nù kan! Irin tí iná wẹ́dà bá sì ti kọjá lára rẹ̀ kì í le bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ẹ̀gbẹ́ ojú ibi tí wọ́n jó ló máa ń kọ́kọ́ sán, lábẹ́ ọ̀dà, níbi tí ojú kò tó, gbogbo gálọ́ọ̀pù tí táyà bá sì bọ́ sí ni yóò máa fẹ̀ ẹ́ sí i. Ká tó sọ ti táńkì epo tó wà nítòsí ibẹ̀, àti kọ̀ǹpútà ọkọ̀ tó lè jóná bí wẹ́dà kò bá yọ orí bátìrì kó tó tan ẹ̀rọ rẹ̀. Òrùka tí wọ́n ń wé mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀, èyí tó bá ọkọ̀ wá láti ilé iṣẹ́, kì í ṣe tóbáà náà. Ọkọ̀ tó bá bàjẹ́ ni wọ́n fi ń wọ́ kúrò lójú ọ̀nà.

Tóbáà gidi kò bá bọ́m̀pà da nǹkan pọ̀. Abẹ́ ọkọ̀ ló ń gbé, bọ́ọ̀tì ló dè é mọ́ ṣaṣí lọ́tùn-ún àti lósì. Ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀. Ti Highlander kò lè wọ ara Pilot. Ọ̀pọ̀ tòkúnbọ̀ tó ti Amẹ́ríkà wá ni ihò bọ́ọ̀tì rẹ̀ ti wà lára ṣaṣí wọn tẹ́lẹ̀, rọ́bà tàbí téèpù ni wọ́n kàn fi dí i. Bí ẹ bá fẹ́ ra àlòkù ní Ládípọ̀, ẹ wá bébà pélébé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn, ibẹ̀ ni wọ́n kọ ìwọ̀n ẹrù tó lè fà sí. Èyí tí wọ́n fi gáàsì gé kúrò lára ọkọ̀ dípò kí wọ́n tú bọ́ọ̀tì rẹ̀, ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tó ń ta pàǹtí irin. Èyí tí ihò onígun mẹ́rin rẹ̀ (ẹnu tí irin bọ́ọ̀lù ń wọ̀; bọ́ọ̀lù ni irin roboto tí imú tírélà ń jókòó lé) jẹ́ íǹṣì 1 1/4 máa ń fa páùn 2,000 sí 3,500, ìyẹn nǹkan bíi kílò 907 sí 1,588. Àwọn oníhò íǹṣì 2 le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àmọ́ líle tóbáà kò sọ ọkọ̀ di katakata. Sienna tó ní ẹ́ńjìnnì V6, páùn 3,500 ni tirẹ̀, ẹ ìbáà so irin ọkọ̀ ojú omi mọ́ ọn. Nínú ọkọ̀, tóbáà, bọ́ọ̀lù àti ife tírélà (irin imú tírélà tó ń bo bọ́ọ̀lù), èyí tí agbára rẹ̀ bá kéré jù ni kí ẹ gbà.

Iṣẹ́ dídè náà kò ju wákàtí méjì sí mẹ́ta lọ fún ẹni tó mọwọ́ rẹ̀. Ẹ fi igi dí táyà iwájú, ẹ sọ síípíà kalẹ̀ bó bá jẹ́ abẹ́ ọkọ̀ ló wà. Sálẹ́ńsà sábà máa ń dí ọ̀nà, nítorí náà ẹ da omi ọṣẹ sí àwọn rọ́bà tó gbé e rọ̀, ẹ fa rọ́bà náà kúrò, ṣùgbọ́n ẹ fi jáàkì tàbí okùn gbé sálẹ́ńsà náà dúró. Bí ẹ bá jẹ́ kó so rọ̀ lásán, ìwọ̀n ara rẹ̀ lè dá a níwájú. Bí nọ́ọ̀tì bá ti wà nínú ṣaṣí láti ilé iṣẹ́, ìpẹtà ti wà nínú rẹ̀ nìyẹn. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin fọ̀ ọ́, ẹ kán ọ́ìlì sí i, kí ẹ sì fi ọwọ́ wé bọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan wọlé yípo mẹ́rin tàbí márùn-ún kí spánà tó dé ibẹ̀. Ẹni tó bá fi spánà bẹ̀rẹ̀ lè ba ẹnu nọ́ọ̀tì jẹ́, tàbí kí nọ́ọ̀tì já nínú ṣaṣí kó máa yí lásán. Kò sí ọwọ́ tó lè wọ ibẹ̀ mú un.

Ibi tí kò bá sí nọ́ọ̀tì, wáyà lílọ́ tó bá tóbáà wá ni ẹ óò lò. Ẹ ti wáyà náà gba ihò ńlá ẹ̀gbẹ́ ṣaṣí títí yóò fi yọ ní ihò bọ́ọ̀tì, ẹ kó irin pélébé tó bá tóbáà wá sí i, ẹ wé bọ́ọ̀tì mọ́ orí rẹ̀, kí ẹ rọra fà á. Ẹ má yọ wáyà náà kí ẹ tó gbé tóbáà sókè. Bí bọ́ọ̀tì bá padà já sínú ṣaṣí, mágínẹ́ẹ̀tì lẹ óò máa fi wá a. Ẹni méjì ni kó gbé tóbáà, nítorí ó wúwo. Ẹ kọ́kọ́ fi ọwọ́ wé gbogbo nọ́ọ̀tì kí ẹ tó le èyíkéyìí, lẹ́yìn náà kí ẹ máa le wọn lọ́tùn-ún lósì. Orí bọ́ọ̀tì oní-mìlímítà gbọ́dọ̀ ní 8.8 tàbí 10.9 lára (nọ́ńbà tó ń sọ bí irin rẹ̀ ṣe lágbára tó), èyí tí kò ní nọ́ńbà, ẹ fi kan àga. Bébà tó bá tóbáà wá ni yóò sọ bí wọ́n ṣe máa le tó. Fún M12 (bọ́ọ̀tì mìlímítà 12) oní-8.8, ó máa ń wà ní nǹkan bíi 80 Nm (ìwọ̀n agbára tí wọ́n fi yí i), spánà tó ń ka agbára ni wọ́n sì fi ń mọ̀ ọ́n. Kí mẹkáníìkì fi ẹsẹ̀ tẹ spánà mọ́lẹ̀ kì í ṣe ìwọ̀n: bọ́ọ̀tì tí wọ́n le jù ti nà, yóò sì já lọ́jọ́ mìíràn.

Bọ́ọ̀lù ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í. Íǹṣì 1 7/8 wà, 2 wà, 2 5/16 wà, mìlímítà 50 ti Yúróòpù náà wà. Bọ́ọ̀lù 1 7/8 nínú ife íǹṣì 2 yóò jókòó, ìdè rẹ̀ yóò tì, ẹ óò sì wakọ̀ kúrò pẹ̀lú ẹ̀rín. Orí bọ́m̀pù ojú ọ̀nà ló ti máa ń fò jáde. Íǹṣì 2 jẹ́ mìlímítà 50.8, nítorí náà ife oní-50 lè má tì délẹ̀ lórí rẹ̀, ìyẹn ni àwọn kan fi ń fi òòlù gbá a wọlé. Ẹ ka nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sórí méjèèjì. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti tì í, ẹ fi jáàkì gbé imú tírélà sókè: bí ẹ̀yìn ọkọ̀ bá bá a gòkè, ó ti mú. Pínnì tó di irin bọ́ọ̀lù mú nínú ihò onígun mẹ́rin oní-íǹṣì 2 jẹ́ íǹṣì 5/8, rọ́ọ̀dù kọnkéré oní-mìlímítà 16 sì súnmọ́ ìwọ̀n yẹn gan-an, òun ni àwọn kan ń gé bọ̀ ọ́. Kò ní orí, kò ní kílíìpù, gbígbọ̀n ọ̀nà ni yóò fi máa rìn jáde díẹ̀díẹ̀. Ṣéènì méjèèjì ara tírélà ni kí ẹ fi kọ́ra lábẹ́ imú tírélà, kí ó lè gbé imú náà bí ife bá já, kó má bàa gún títì.

Ní ti iná, wáyà mẹ́rin ló sábà máa ń wà: funfun ni ẹ́ẹ̀tì (wáyà tó ń dá iná padà sára irin ọkọ̀), búráùn ni páàkì, yẹ́lò ni bíréèkì àti tìráfíkétọ̀ òsì, gíríìnì ni ti ọ̀tún. Bí tìráfíkétọ̀ ọkọ̀ bá ní gílóòbù tirẹ̀, tó yàtọ̀ sí ti bíréèkì, àfi kí rewáyà fi converter sí i (ẹ̀rọ kékeré tó ń da iná méjèèjì pọ̀ sórí wáyà kan). Bó bá so wọ́n pọ̀ lásán, títẹ bíréèkì ni yóò máa tan tìráfíkétọ̀. Bí gbogbo iná tírélà bá ń rẹ̀ wálẹ̀ nígbà tí ẹ bá tẹ bíréèkì, ẹ má pààrọ̀ gílóòbù, wáyà funfun ni kò mú. Ẹ ha ọ̀dà kúrò kí ẹ fi súkúrú dè é mọ́ irin mímọ́. Bọ́ọ̀lù tó kún fún gíríìsì kò lè ṣe iṣẹ́ ẹ́ẹ̀tì.

Kí imú tírélà gbé ìdá 10 sí 15 nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n tírélà àti ẹrù rẹ̀ lé bọ́ọ̀lù, ìyẹn kílò 100 sí 150 fún àpapọ̀ kílò 1,000. Bó bá fúyẹ́ jù, tírélà yóò máa ju ìdí bí ajá tó rí olówó rẹ̀. Bó bá wúwo jù, iwájú ọkọ̀ á fúyẹ́, sítíárì ò ní mú mọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń yá ilé ìgbọ̀nsẹ̀ fún olóde, lítà omi kan kílò kan ni. Táńkì lítà 500 tó kún dé ìlàjì burú ju èyí tó kún lọ, nítorí omi inú rẹ̀ ń sáré síwá sẹ́yìn. Ẹ dà á nù kí ẹ tó so ó mọ́ ọkọ̀, ibi ayẹyẹ ni kí ẹ ti pọn òmíràn.

Lẹ́yìn kìlómítà 80 àkọ́kọ́, ẹ tún fi spánà kan gbogbo bọ́ọ̀tì náà. Bí ẹ bá sì gbọ́ kọ̀, kọ̀, kọ̀ lẹ́yìn nígbà tí ẹ bá ń wakọ̀, ẹ sọ̀ kalẹ̀ wò ó níbẹ̀ yẹn, kó tó di pé ẹ dé ìdí ayẹyẹ.

Àwa mẹkáníìkì àti rewáyà,
Ìbàdàn.